Ìlà, Ẹnu Ìkòkò àti Etí Òrùlé: Ìpìlẹ̀ Àwòrán Yíyà ní Ushafa

Àwòrán yíyà dúró lórí ohun mẹ́ta tí ọwọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó máa dán ojú ènìyàn tàbí ẹranko wò. Èkíní ni ìlà tó lọ tààrà. Èkejì ni ẹlípísì, ìyẹn òbíríkítí tí ojú rí láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀kẹta ni ìlànà ìjìnnà, tí àwọn ayàwòrán ń pè ní perspective, èyí tó ń ṣàlàyé bí ohun tó jìnnà ṣe ń kéré sí ti ìtòsí. Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń kọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà nídìí wọn: níbo ni ojú ẹni tó ń yàwòrán wà? Bí ojú náà ṣe ga sílẹ̀ tó, àti bó ṣe jìnnà tó sí ohun tó ń wò, ló ń pinnu bí ẹnu ìkòkò yóò ṣe là tó àti ibi tí etí òrùlé yóò kọrí sí.

Ushafa wà ní Bwari, ọ̀kan lára àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà tó wà ní Olú-ìlú Àpapọ̀ Abuja. Ìlú àwọn Gbagyi ni. Iṣẹ́ ìkòkò mímọ ti wà lọ́wọ́ àwọn obìnrin wọn láti ìran dé ìran, ilé-iṣẹ́ ìkòkò tó wà níbẹ̀ ló sì sọ ìlú náà di mímọ̀ fún àwọn àlejò. Bill Clinton, tó jẹ́ Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, ṣe àbẹ̀wò síbẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2000. Òkè àpáta yí ìlú náà ká, ìdídò Lower Usuma tí Abuja ti ń rí omi mu kò jìnnà sí i, ilé búlọ́ọ̀kù onípáànù sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó ń gòkè tó tún ń sọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ àwòrán kò nílò láti ra ohunkóhun tí yóò máa wò: ohun roboto wà, ohun onígun wà, ibi tó jìnnà àti ibi tó sún mọ́ sì wà lójú kan náà.

Láàrin Yorùbá, orúkọ tí kò ṣeé fò nínú ọ̀rọ̀ àwòrán yíyà ni Aina Onabolu, tí wọ́n bí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọdún 1882. Fúnra rẹ̀ ló kọ́ ara rẹ̀ ní àwòrán, nípa wíwo àwòrán inú ìwé àti ìwé ìròyìn òkè òkun tó sì ń yà wọ́n tọ̀. Ó ti di akọ̀wé ìjọba ní Èkó, ó sì ti ń ya àwòrán àwọn ènìyàn pàtàkì ìlú, kó tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920 láti gba ìwé ẹ̀rí. Nígbà tó padà dé ní 1922, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Èkó. Ẹ̀kọ́ ìjìnnà ló tẹnu mọ́ jù, débi pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Mr Perspective. Ẹ̀fẹ̀ lásán kọ́ ni orúkọ yẹn. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ òyìnbó kò gbà pé ọmọ Áfíríkà lè ya ohun gẹ́gẹ́ bí ojú ṣe rí i, Onabolu sì mọ̀ pé ìlà tó bá lọ síbi tó yẹ kó lọ ni yóò dá wọn lóhùn ju àríyànjiyàn lọ. Òun náà ló ń bẹ ìjọba pé kí wọ́n wá olùkọ́ kún un, títí Kenneth Murray fi dé ní 1927. Ṣùgbọ́n Murray ní tirẹ̀ fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbájú mọ́ iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ ju ọgbọ́n àwòrán Yúróòpù lọ. Ẹni tó jókòó síwájú ìkòkò ní Ushafa pẹ̀lú bírò lọ́wọ́ kò ní láti yan ọ̀kan nínú méjèèjì: iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ ni ìkòkò náà, ìlànà ìjìnnà ni yóò sì fi yà á.

Ohun èlò kò pọ̀. Ìwé funfun A4 tí wọ́n ń tà ní ibi fọ́tókọ́pì tó, pẹ̀lú bírò dúdú kan. Pẹ́ńsùlù 2B dára, ṣùgbọ́n bírò ló ń kọ́ni jù ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí kò ṣeé pa rẹ́. Ẹni tó mọ̀ pé òun lè pa ìlà rẹ́ kì í ronú kó tó fà á. Rúlà wúlò lẹ́yìn iṣẹ́, láti fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó bá fi rúlà fa gbogbo ìlà rẹ̀ ní oṣù àkọ́kọ́, ọwọ́ rẹ̀ kò kọ́ ohunkóhun. Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé ni pátákó. Bí ìwé bá tẹ́ pẹrẹsẹ sórí tábìlì, òkè rẹ̀ jìnnà sí ojú ju ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ, àwòrán á sì gùn ju bó ṣe yẹ lọ láìjẹ́ pé ẹni tó ń yà á mọ̀. Pátákó tí ìdí rẹ̀ wà lórí itan, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti etí tábìlì, ti yanjú ìyẹn.

Ìlà ni ìbẹ̀rẹ̀. Ìka, ọrùn ọwọ́, ìgbọ̀nwọ́ àti èjìká ló lè darí bírò, ìwé kíkọ láti kékeré sì ti sọ ìka àti ọrùn ọwọ́ di ọ̀gá, nítorí pé lẹ́tà kò tóbi. Ṣùgbọ́n ọrùn ọwọ́ tó ń yí lójú kan kò lè fa ìlà gígùn ní tààrà. Ìlà náà á tẹ̀ yí ibi tí ọwọ́ fi dúró ká. Èjìká ni ìlà gígùn ti ń wá. Kí ìgbọ̀nwọ́ kúrò lórí tábìlì, kí ọrùn ọwọ́ má yí, síbẹ̀ kó má gan, kí gbogbo apá sì lọ pọ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ máa ń ni ènìyàn lára: ìlà á máa gbọ̀n, èjìká á sì máa roni. Kò sí ọ̀nà àbùjá níbẹ̀.

Ìdánrawò tó rọrùn jù ni fífa ìlà lórí ìlà. Akẹ́kọ̀ọ́ á fi rúlà fa ìlà kan tó tó sẹ̀ǹtímítà 10, á wá fi ọwọ́ lásán tọ̀ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ, láti orí kan náà nígbà gbogbo. Bó bá ṣe é dáadáa, ìlà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ á bẹ̀rẹ̀ lójú kan, wọ́n á sì túká díẹ̀ níbi tí wọ́n parí sí. Bí wọ́n bá túká ní orí méjèèjì, a jẹ́ pé kò fara balẹ̀ gbé ẹnu bírò síbi tó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn kì í sì í ṣe ẹ̀bi èjìká, ìkánjú ni.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni fífi ìlà so àmì méjì pọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á fi àmì méjì sórí ìwé, á yí ìwé náà títí ọ̀nà tí ìlà fẹ́ gbà á fi bá ọ̀nà tó rọ apá rẹ̀ lọ́rùn mu. Á gbé bírò lọ gbé e bọ̀ lókè ìwé láìfi kàn án, lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí apá lè mọ ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni yóò fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìdúró, tí ojú rẹ̀ á sì wà lórí àmì tó ń lọ bá, kì í ṣe lórí ẹnu bírò.

Ìdí tí ìlà àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ fi ń gbọ̀n ni pé ojú ń ṣọ́ ọwọ́ bó ṣe ń lọ. Gbogbo ìgbà tí ojú bá rí àṣìṣe kékeré, ọwọ́ á yà díẹ̀ láti tún un ṣe, yíyà kọ̀ọ̀kan á sì hàn lára ìlà. Ìlà tó bá yá díẹ̀ kò fún ojú láyè ìyẹn. Fún ìdí yìí, ìlà tó dán tó sì gba ẹ̀gbẹ́ àmì kọjá ní mìlímítà mẹ́ta sàn ju ìlà tó dé ojú àmì pẹ̀lú gbígbọ̀n lọ. Ìpéye ń bọ̀ bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù tó bá ti wọ inú ọwọ́ kì í tètè jáde. Àṣà kan tún wà tó yẹ kí olùkọ́ tètè fòpin sí: fífi ìlà kúkurú mẹ́wàá wá ìlà gígùn kan. Ó máa ń jọ iṣẹ́ ayàwòrán gidi lójú ẹni tó ń ṣe é, àmọ́ kò pinnu ohunkóhun. Ó kàn ń fi ìpinnu falẹ̀ ni. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójoojúmọ́ lórí àwọn ìdánrawò yìí ṣàǹfààní ju wákàtí mẹ́ta ọjọ́ Sátidé lọ, torí iṣan apá kì í rántí ohun tó bá ṣe lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Lẹ́yìn ìlà ló kan ẹlípísì, ibí sì ni Ushafa ti wúlò jù. Òbíríkítí kì í hàn bí òbíríkítí àfi tí ojú bá kọjú sí i gangan. Ẹni tó bá na ọrùn wo inú ìkòkò láti òkè tààrà yóò rí ẹnu rẹ̀ roboto. Bó bá sún sẹ́yìn, ẹnu náà á bẹ̀rẹ̀ sí í pa dé: ìbú rẹ̀ láti ọ̀tún sí òsì kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ṣùgbọ́n láti iwájú sí ẹ̀yìn á máa tín-ínrín sí i. Bó bá bẹ̀rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi bá ẹnu ìkòkò dọ́gba, ẹnu náà á di ìlà kan ṣoṣo.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí ẹnu ìkòkò kan bá ga sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 45, tí ojú ẹni tó dúró ní mítà 2 sí i ga ní sẹ̀ǹtímítà 160, ojú náà ń sọ̀ wá sórí ẹnu ìkòkò ní nǹkan bíi dígírì 30. Ní dígírì 30, fífẹ̀ ẹlípísì láti iwájú sí ẹ̀yìn jẹ́ ìdajì fífẹ̀ rẹ̀ láti ọ̀tún sí òsì. Bí ẹni náà bá jókòó lórí àpótí, tí ojú rẹ̀ wálẹ̀ sí sẹ̀ǹtímítà 100, igun náà á di nǹkan bíi dígírì 15, ìdajì náà á sì di ìdá kan nínú mẹ́rin. Jíjókòó lásán ti yí àwòrán padà, ìkòkò kò sì kúrò lójú kan. Ìdí nìyí tí ayàwòrán tó bá ń dìde, tó ń jókòó, tó tún ń sún àga kiri lẹ́nu iṣẹ́ kì í fi í rí ìkòkò kan ṣoṣo yà. Ẹnu ìkòkò kan àti ìdí ìkòkò mìíràn ló máa ń wà nínú ìwé rẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù sì wá láti inú ọkàn, kì í ṣe láti ọwọ́. Ọkàn mọ̀ pé ẹnu ìkòkò roboto, nítorí náà ọwọ́ á yà á kó là ju bó ṣe là lọ. Ọkàn mọ̀ pé korobá jókòó pẹrẹsẹ lórí ilẹ̀, nítorí náà ọwọ́ á fi ìlà gbọọrọ parí ìdí rẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ gan-an ni òótọ́. Ìdí jìnnà sí ìpele ojú ju ẹnu lọ, nítorí náà òun ló gbọ́dọ̀ yí jù. Bí korobá kan tó dúró gbọọrọ, tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 45, bá wà níwájú ẹni tó dúró tí a mẹ́nu kàn lókè, ẹlípísì ẹnu rẹ̀ á jẹ́ ìdajì, ti ìdí rẹ̀ á sì jẹ́ nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú mẹ́jọ. Bí ohun kan bá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ kúrò ní ìpele ojú ni òbíríkítí ara rẹ̀ ń là sí i.

Àmù ìbílẹ̀ Gbagyi kò ní ìdí pẹrẹsẹ. Ìdí rẹ̀ yípo. Ohun tó fi ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ ni ọnà tí wọ́n fín yí ara rẹ̀ ká. Ladi Kwali, ọmọ Gbagyi láti Kwali, tí wọ́n bí ní nǹkan bíi 1925 tó sì kú ní 1984, ló gbé irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ dé etígbọ̀ọ́ gbogbo ayé: alángbá, ọ̀nì, àkekèé àti ejò ló ń fín sára ìkòkò rẹ̀, láàrin àwọn ìlà tó yí ìkòkò ká. Ní 1954 ló dara pọ̀ mọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìkòkò tí Michael Cardew dá sílẹ̀ ní ìlú tí wọ́n ń pè ní Abuja nígbà náà, tó ń jẹ́ Suleja lónìí. Ẹ̀yìn owó ogún náírà ni àwòrán rẹ̀ wà, níbi tó ti ń mọ ìkòkò, ẹnikẹ́ni tó bá ní owó náà lápò sì lè yọ ọ́ wò. Ìlà fínfín kọ̀ọ̀kan tó yí ìkòkò ká jẹ́ ẹlípísì kan, apá iwájú rẹ̀ nìkan ló sì hàn. Ẹni tó bá ya gbogbo wọn pé, tó fi ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ ya apá ẹ̀yìn tí kò hàn náà, á rí i pé wọ́n ń yí sí i bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Bí ọ̀kan bá ṣàdédé pẹlẹbẹ láàrin wọn, ìkòkò inú ìwé á dà bí èyí tí wọ́n fi ọwọ́ tẹ̀ níbẹ̀.

Ní ti ìdánrawò, apá kan náà tó fa ìlà ló ń ya ẹlípísì, láti èjìká. Bírò á kọ́kọ́ yí lókè ìwé láìfi kàn án, lẹ́yìn náà á balẹ̀, á sì yí ẹ̀ẹ̀mejì láìgbé sókè. Ìyípo ẹ̀ẹ̀mejì yìí ni kì í jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ẹlípísì ṣẹ́ ṣóńṣó. Ẹlípísì kò ní ṣóńṣó níbikíbi, bó ti wù kó tín-ínrín tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan kò gbọdọ̀ gbọọrọ. Bí ojú ìwé kan bá kún fún àwọn tí kò há mọ́ ibì kan, kí akẹ́kọ̀ọ́ fa ìlà méjì kó sì máa to ẹlípísì sáàárín wọn, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ara kan òkè, ìsàlẹ̀ àti èyí tó ṣáájú rẹ̀. Iṣẹ́ náà á wá ní ìdájọ́: ó kàn án tàbí kò kàn án.

Ẹlípísì ní ìlà méjì tó gba àárín rẹ̀ kọjá, ọ̀kan gùn, èkejì kúrú, wọ́n sì dábùú ara wọn ní igun 90. Ìlà kúkurú ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ gbájú mọ́, nítorí òun ló máa ń bá ọ̀pá àárín ohun roboto náà lọ. Ìkòkò tó dúró ní ọ̀pá àárín tó dúró. Ìlà kúkurú ẹnu rẹ̀ á dúró, ìlà gígùn á dùbúlẹ̀. Èyí rọrùn. Ìṣòro dé nígbà tí ìkòkò bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, bíi ti àwọn tí wọ́n kó jọ lẹ́yìn sísun. Nígbà náà, ọ̀pá àárín ìkòkò ti dàgẹ̀rẹ̀, ìlà kúkurú ẹnu rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ dàgẹ̀rẹ̀ bá a. Ọ̀pọ̀ ló máa ń ya ara ìkòkò ní ìdàgẹ̀rẹ̀ tí wọ́n á wá gbé ẹnu tó dùbúlẹ̀ lé e, tí ẹnu náà á jọ ti ìkòkò mìíràn. Òògùn rẹ̀ ni kí ọ̀pá àárín kọ́kọ́ wà lórí ìwé kó tó kan ẹnu. Ìkòkò tó ti orí kẹ̀kẹ́ ìmọ̀kòkò wá máa ń tẹ̀ lé òfin yìí dáadáa. Èyí tí wọ́n fi ọwọ́ mọ, tí amọ̀kòkò ń rìn yí ká bó ṣe ń mọ ọ́n, lè fì díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, fífì yẹn sì dára láti yà, tí ẹni tó ń yà á bá ti mọ ibi tí ọ̀pá àárín ìbá gbà.

Ìlànà ìjìnnà ti wà nínú gbogbo ohun tí a ti sọ. Ó kù kí ó dé ara ilé àti ọ̀nà. Àwọn ará Florence ní Ítálì ló sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ tó ní òfin. Filippo Brunelleschi fi hàn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún, Leon Battista Alberti sì kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 1435. Òfin náà kò pọ̀. Gbogbo ìlà tó bá ń bá ara wọn lọ ní ìdọ́gba tó sì ń lọ jìnnà kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ń wò ó máa ń jọ pé wọ́n fẹ́ pàdé ní ojú kan, ojú náà ni ibi ìpòórá. Bí àwọn ìlà náà bá tẹ́ pẹrẹsẹ bíi ti ilẹ̀, ibi ìpòórá wọn á wà lórí ìlà kan tó bá ojú ẹni tó ń wò ó dọ́gba. Ìlà yẹn ni ìlà ojú. Ohun tó wà lókè rẹ̀, bí etí òrùlé, ń sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a bó ṣe ń jìnnà. Ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, bí ìpìlẹ̀ ilé, ń gòkè lọ bá a.

Àwọn ìwé sábà máa ń sọ pé ìlà ojú ni ibi tí ojú sánmà ti pàdé ilẹ̀. Ìyẹn tọ̀nà létí òkun. Ní Ushafa ó lè ṣini lọ́nà, nítorí òkè ló pàdé sánmà níbẹ̀, orí òkè sì ga ju ojú ènìyàn lọ fíìfíì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mú orí òkè ní ìlà ojú yóò ya gbogbo ilé bí ẹni tó ń wò wọ́n láti inú bàálù. Ìlà ojú gidi wà lẹ́yìn òkè, níbi tí kò hàn. Ohun tó rọrùn láti fi wá a ni ike omi tó mọ́ gaara tí kò kún. Kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé e síwájú ojú, kó máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Ojú omi inú rẹ̀ jẹ́ ẹlípísì. Ibi tí ẹlípísì náà bá ti di ìlà kan ṣoṣo ni ìpele ojú. Ohunkóhun tó bá bá ìlà omi náà dọ́gba lọ́ọ̀ọ́kán, ìbáà jẹ́ fèrèsé tàbí ẹ̀ka igi, orí ìlà ojú ló wà.

Ọ̀nà mìíràn ni wíwo àwọn ènìyàn. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, bí ẹni tó ń yàwòrán bá dúró, ojú gbogbo ẹni tó bá ga tó ẹni tó ń yàwòrán máa ń wà lórí ìlà ojú, bó ti wù kó jìnnà tó. Ẹsẹ̀ wọn nìkan ló ń gòkè bí wọ́n ṣe ń lọ. Obìnrin Gbagyi tó ru ẹrù sí èjìká, gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn, àti ẹni tó ń ra ẹ̀fọ́ lẹ́yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún, bí àwọn méjèèjì bá ga tó ẹni tó ń yàwòrán, ojú wọn á wà lórí ìlà kan náà nínú àwòrán. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Ushafa kì í tẹ́jú lọ títí. Ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, orí rẹ̀ á kúrò lórí ìlà ojú. Ọ̀nà tó ń gòkè náà kì í pòórá lórí ìlà ojú: etí rẹ̀ méjèèjì ń lọ pàdé lókè rẹ̀, ti ọ̀nà tó ń sọ̀ sì ń pàdé nísàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà náà ńkọ́? Wọ́n mọ wọ́n pẹ̀lú okùn ìwọ̀n, páànù àti fèrèsé wọn tẹ́ dọ́gba, nítorí náà ìlà ojú ni tiwọn ṣì ń lọ bá. Ìyàtọ̀ láàrin ibi tí ọ̀nà ń lọ àti ibi tí fèrèsé ń lọ ni ohun tó ń sọ fún olùwòran pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ilẹ̀ yẹn.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá dúró sí àárín ọ̀nà tó tẹ́jú, tó kọjú sí ibi tó ń lọ, ibi ìpòórá kan ṣoṣo tó fún un: etí ọ̀nà, gọ́tà, wáyà iná, gbogbo wọn ń lọ síbẹ̀. Bó bá dúró síwájú igun ilé, tí ẹ̀gbẹ́ méjì ilé náà hàn, ibi ìpòórá di méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ìlà tó dúró sì ń dúró. Àwọn méjì yìí gbọ́dọ̀ jìnnà síra wọn. Lórí ìwé A4, ó dára kí wọ́n bọ́ sóde ìwé pátápátá. Bí wọ́n bá sún mọ́ra jù, igun ilé á yọ síwájú bí ẹnu àáké, kò sì sí ilé kan tó rí bẹ́ẹ̀. Ibi ìpòórá kẹta wà fún ẹni tó ń wòkè sí ilé alájà púpọ̀, ṣùgbọ́n ilé tó pọ̀ jù ní Ushafa kò ga débi tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ fi nílò rẹ̀.

Ọgbọ́n méjì wà tó ń fi ìlà àtigun dé igun ṣe iṣẹ́ tí rúlà kò lè ṣe. Àkọ́kọ́ jẹ́ ti ilé tí òrùlé rẹ̀ ṣe ṣóńṣó láàrin ògiri. Àárín ògiri tó ń lọ jìnnà kì í wà láàrin rẹ̀ gangan lórí ìwé. Ó sún díẹ̀ sí apá tó jìnnà, torí ìdajì tó jìnnà hàn kéré ju ti ìtòsí lọ. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fa ìlà láti igun dé igun ògiri náà, lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tí wọ́n ti gún ara wọn ni àárín. Ìlà tó dúró láti ibẹ̀ ló ń gbé ṣóńṣó òrùlé. Èkejì jẹ́ ti òpó iná tó jìnnà síra wọn bákan náà. Bí òpó méjì àkọ́kọ́ bá ti wà lórí ìwé, kí ó sàmì sí àárín òpó kejì, kó sì fa ìlà láti orí òpó kìíní gba àmì yẹn kọjá. Ibi tí ìlà náà ti kan ìlà ìdí àwọn òpó ni òpó kẹta wà. Ìkẹrin ń wá láti inú ìkẹta bákan náà, títí wọ́n fi há jù láti yà.

Àpáta kò ní ìlà tààrà, èyí sì ń mú kí ọ̀pọ̀ rò pé ìlànà ìjìnnà kò kàn án. Ó kàn án. Àpótí ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ yà, kó fi àpáta sínú rẹ̀, kó wá máa gé igun àpótí náà dànù. Àpáta tí kò ti inú àpótí jáde sábà máa ń dà bí ohun tó léfòó, tí kò fi ara ti ilẹ̀.

Ahéré roboto oníkoríko tó wà láwọn abúlé Gbagyi láyé àtijọ́ ló da gbogbo ẹ̀kọ́ yìí pọ̀. Ká ní ògiri rẹ̀ ga tó ojú ènìyàn. Nítorí náà etí òkè ògiri á fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ gbọọrọ, ìdí ògiri á yí, etí ìsàlẹ̀ òrùlé á wà láàrin méjèèjì, torí ó sọ̀ kọjá orí ògiri. Ṣóńṣó òrùlé kò wà lókè àárín ẹlípísì. Ó wà lókè àárín òbíríkítí gidi, èyí tó sún díẹ̀ sẹ́yìn. Ẹni tó bá fẹ́ rí i dájú á ya ojú onígun mẹ́rin dọ́gba ní ìlànà ìjìnnà, á fi ẹlípísì sínú rẹ̀ kó fi ara kan àárín ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á wá fa ìlà igun dé igun. Àárín tí ìlà wọ̀nyẹn fi hàn kò ní bá àárín ẹlípísì dọ́gba.

Àyẹ̀wò ló parí iṣẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti fi ọwọ́ lásán ya àpótí mẹ́wàá, kó mú bírò pupa àti rúlà, kó fa ìlà gbogbo ẹ̀gbẹ́ wọn gùn sẹ́yìn láti wò ó bóyá wọ́n pàdé. Ohun tó máa ń hàn ní ìbẹ̀rẹ̀ ni pé ìlà tó yẹ kó máa sún mọ́ra ń jìnnà síra, tí ẹ̀yìn àpótí sì tóbi ju iwájú lọ. Ìlà tó kẹ́yìn nínú mẹ́rin ló sábà máa ń ṣẹ̀, torí nígbà tó ń fà á, èyí tó wà nítòsí rẹ̀ nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ ń wò. Kó tó fà á, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ṣáájú ló yẹ kó wò pọ̀, kó sì bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí wọ́n ń lọ.